Verdell Gaskins Ló Ṣíwájú, Kì Í Ṣe Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará ìjọ bàbá mi, wọ́n ní kí tíṣà àtijọ́ wá sọ̀rọ̀ ìṣírí kí ẹ tó kọ orúkọ Pásítọ̀ Mobley sára ilé ìkàwé tuntun yìí. N ò ní ọ̀rọ̀ ìṣírí lẹ́nu. Irọ́ kan ni mo wá tú níwájú yín. Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi ò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, n ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn náà, torí èmi ni mo kọ́ yín. Èmi ni mò ń kọ́ni ní ìtàn àwa èèyàn dúdú ìlú Tarrow Creek yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo máa ń sọ bí àwọn ọmọ òyìnbó ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹ̀kọ́ tiwọn, tí àwa ń fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀, títí dọjọ́ tí Pásítọ̀ Mobley, bàbá tó bí mi, kó àwọn ọmọ jáde, tó ṣíwájú wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láàárín ìlú, tó ní bọ́ọ̀sì làwọn wá gbà. Mo máa ń sọ ọ́ débi pé omi á lé sójú àwọn ọmọ. Bàbá mi ò ṣíwájú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ náà. Verdell Gaskins ló dìde. Kò tíì pé ogún ọdún rárá, ọmọbìnrin àwọn tó ń dáko òwú lórí ilẹ̀ òyìnbó ni. Ó nàró nínú kíláàsì kan ṣoṣo tí tọmọdé tàgbà wa jọ ń lò, ó ní, "Bàtà mi ti ya, màmá mi ò sì lówó òmíràn. Èmi ń lọ béèrè bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń bọ̀ kó máa bọ̀." Gbogbo wa wọ́ tẹ̀ lé e, àwa kékeré lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí a dé orí afárá, bàbá mi la bá níbẹ̀, ó na apá méjèèjì dínà. "Ẹ padà sílé, ẹ̀yin ọmọ mi! Wọ́n á lù yín pa. Wọ́n á sun ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ wa lórí!" Verdell ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sà, ẹ yà fún wa." Ó tẹ̀ ba, ó gba abẹ́ apá bàbá mi kọjá. Gbogbo wa ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi pè mí, mo ń bá àwọn yòókù lọ. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ó ti ń lọ sílé, ó sorí kọ́.

Níwájú ọ́fíìsì yẹn, ọ̀gá ọlọ́pàá fi kóńdó la Verdell níwájú orí. Èmi ni mo sáré fi agolo bu omi wá, tí mo bá a fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni òyìnbó tó ni ilẹ̀ kó ẹrù Verdell àtàwọn òbí rẹ̀ síta. Verdell ò padà sílé ẹ̀kọ́ mọ́ láyé. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wá dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn èèyàn ń sọ pé Pásítọ̀ wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni, ó wà lójú ọ̀nà. Bàbá mi gbọ́ ọ, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, títí ó fi kú.

Nígbà tí ìjọba wá ní ká máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìlú tiwa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Strickland, pè mí. "Mísì Mobley, ṣé ẹ̀yin lọmọ pásítọ̀ tó kó àwọn ọmọ jáde?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní èmi ni kí n máa kọ́ wọn. Mo sì padà sí kíláàsì tayọ̀tayọ̀.

Keziah, ọmọ-ọmọ Verdell, wà nínú kíláàsì mi. Mò ń sọ ìtàn yìí lọ́jọ́ kan, ló bá nawọ́. "Tíṣà, màmá àgbà mi ní àwọn làwọn ṣíwájú. Wọ́n ní ṣe ni Pásítọ̀ dínà." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan ní, "Màmá àgbà ẹ tó ń din ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo? Ẹja ló ṣíwájú!" Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti panu mọ́, ó kéré tán. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, "Keziah, bọ́ síwájú. Bẹ gbogbo kíláàsì pé o parọ́ mọ́ òkú." Ó ní, "N ò parọ́, mà." Mo ní kó kọjú sí ògiri títí tó fi máa sọ ọ́. Ọmọ náà sunkún títí, ó sọ ọ́. Mo sì ń bá ẹ̀kọ́ mi lọ.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ kejì, Verdell fúnra rẹ̀ wá, ó dé fìlà ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá ní, "Mísì Mobley, ẹ mọ màmá yìí?" Verdell wò mí, àpá kóńdó yẹn hàn kedere lábẹ́ fìlà. "Lutricia, bá mi sọ fún wọn. Ìwọ lo fọ ẹ̀jẹ̀ ojú mi. N ò wá gba ipò bàbá ẹ o. Kí wọ́n ṣáà má pe ọmọ mi ní òpùrọ́." Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ibi tí wọ́n ti ń din ẹja ni mo mọ̀ wọ́n sí, sà. Ó jọ pé ọjọ́ orí ti ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lójú. Kẹ́nì kan bá wa mú wọn délé." Verdell ò pariwo. Ó kàn sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀rù kí ló ń bà ẹ́? Kò sẹ́ni tó mú kóńdó dání níbí." Akọ̀wé wá dì í lápá mú, ó sìn ín jáde.

Ọdún díẹ̀ sígbà yẹn ló kú. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo jókòó lẹ́yìn. Oníwàásù ní arábìnrin wa mọ ẹja dín, kò sẹ́ni tí kì í kí i. Ohun tí wọ́n rí sọ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Èmi tí mo mọ èyí tó kù, mo ṣe àmín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ bá Keziah nílé láti tọrọ àforíjì. Kò ní kí n wọlé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bẹ̀ mí níbí, mà. Ẹnu ọ̀nà mi kọ́ lẹ ti ba màmá àgbà mi lórúkọ jẹ́. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti sọ ọ́." Ó ti ilẹ̀kùn. Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn.

N ò ní kí ẹ kórìíra bàbá mi. Ẹ̀rù bà á, ìdí sì wà tí ẹ̀rù fi bà á. Ó yẹ kí n kọ́ yín ní ìyẹn náà, torí ọ̀pọ̀ nínú wa, ilé irú bàbá bẹ́ẹ̀ la ti jáde. Èmi tèmi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ sun ilé mi. Iyì lásán ni mò ń wá. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má gba ìtàn ìlú yín lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ tíṣà. Ẹ lọ bi àwọn àgbà tí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n, kí ẹ sì tètè lọ, torí wọ́n ń kú. Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ Mobley sára ilé yẹn.

Keziah, mo rí ọ níbi ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, o ò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ. Níwájú gbogbo wọn: o ò parọ́. Màmá àgbà rẹ ò parọ́. Èmi ni òpùrọ́. Mò ń tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ máa lọ báyìí láìdá mi lóhùn, máa lọ, ọmọ mi. O ò jẹ mí ní èsì kankan.