Ìka Mẹ́ta Ni Ẹ̀gún Ẹja Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ bá mi wo ọwọ́ òsì mi yìí. Ìka méjì péré ló kù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní kí n máa fi hìjáàbù bò ó tí a bá lọ sóde, kí ojú má baà ti ìdílé àwọn. Ìtìjú kẹ̀? Ṣé mo jalè ni? Ohun tó yẹ kó tì mí lójú ni agídí mi, òun ni mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín.

Ẹja àrọ̀ ni mò ń tà ní Ìyànà-Ìbà. Lọ́jọ́ kan, mò ń pa ẹja fún oníbàárà ni ẹ̀gún rẹ̀ gún mi níka. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo tú oògùn inú kápúsù lé e, mo ń bá ọjà mi lọ. Ta ló ń torí ẹ̀gún ẹja lọ sọ́sibítù? Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Èmi gbé e mì! Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ mi wú dé ìgbọ̀nwọ́, òtútù ń mú mi nínú oòrùn ọ̀sán, mò ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré wá láti Òkòkòmaikò. Ọkọ mi bẹ̀ mí títí pé ká lọ sọ́sibítù. Mo jágbe mọ́ ọn pé: “Ibà lásán ni! Ẹ fi mí sílẹ̀!” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àwọn ayé ni, ó gbé àgbo wá, mo mu ún. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ mi ní orúkọ bàbá mi tó ti kú ló gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

Dókítà sọ fún un pé: “Bàbá, kòkòrò ti gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín, ó ti ń ba gbogbo ara jẹ́. Sẹ́psìsì là ń pè é. Ká ní ẹ tètè dé ni…”

Mo yè, wọ́n gé ìka mẹ́ta. Títí di òní, ó máa ń rẹ̀ mí lójijì, mo sì máa ń gbàgbé nǹkan. Àwọn oníbàárà kan kì í gba ẹja lọ́wọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àwa ẹlẹ́ja lọ́jọ́ kan, mo gbé ọwọ́ náà ka orí tábìlì. Ìyá ẹgbẹ́ ní: “Gbé e kúrò ńbẹ̀ jàre, Ìyá Ràmọ́tà!” Mo ní: “Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀gún ẹja lásán ló ṣe é.” Ni ọ̀kan nínú wa bá rọra tú àkísà tó fi wé ìka tirẹ̀. Ó ti wú, ó ń pọ́n. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà. Ìka rẹ̀ ṣì pé.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, bí egbò bá wú, tí òtútù ń mú yín, tí èémí ń yára, tí ọ̀rọ̀ ń dàrú lẹ́nu, ẹ má jókòó sílé. Wọ́n á ní àṣejù ni. Ẹ ṣe àṣejù ọ̀hún, kí ẹ wà láàyè!