Ẹni Tí Kò Jáde sí Májálísà

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn láti Kwangila dé Danmagaji láìsinmi, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ọ̀rẹ́ mélòó ni mo ní. Ta ló máa bi ọ́? Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ ni wọ́n jókòó sí.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ohun tí Sìdíkà ẹ̀gbọ́n yín kà sí mi létí nínú fóònù rẹ̀ láàárọ̀ yìí ló fà á tí mo fi pè yín. Ó ní wọ́n lọ bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè ọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ ẹ ní ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ lè finú hàn? Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé yín? Ǹjẹ́ ẹ ń lọ sí ilé ìjọsìn? Ṣé ẹ gbà pé èèyàn ṣeé fọkàn tán? Àwọn kan ní àwọn ò ní ọ̀rẹ́ kankan. Àwọn kan ò mọ orúkọ aládùúgbò wọn. Àwọn tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì ò sì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́... Mi ò bú wọn o. Ẹni tí wọ́n bi léèrè tó sọ òótọ́, kí la fẹ́ bá a wí? Ṣùgbọ́n mo ní kí ó tún un kà, torí ibẹ̀ ni Ràsákì, ẹ̀gbọ́n ìyá yín, fẹ́ kí n wá máa gbé. Ìwé ìrìnnà ti jáde. Ó ní òun máa pè tó bá di ìrọ̀lẹ́ òní, kí n fún òun lésì.

Tò. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ṣe ní Kwangila, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlọrin ni bàbá mi ti wá, Sabon Gari níbí, nílẹ̀ Hausa, ni wọ́n bí mi sí. Igi dóńgóyárò kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, abẹ́ rẹ̀ ni májálísà wa. Àwọn Hausa ló ni orúkọ yẹn. Ibi táwọn ọkùnrin ń jókòó sí tí iṣẹ́ bá ti dínkù lọ́sàn-án ni. Ojoojúmọ́. Kí là ń sọ? Kò sí. Ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò gbọ́ràn. Jósẹ́fù káfíńtà, ará Kàbà, ló kan ìjókòó gígùn tá à ń lò. Òun nìkan ni Kristẹni láàárín wa.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá bá wa nígbà kan, ó mú bírò lọ́wọ́. Ó ní wọ́n rán òun kí òun wá mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń bára wọn gbé. Ó bi Bàbá Ṣéù, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, pé ọ̀rẹ́ mélòó ni wọ́n ní. Bàbá Ṣéù wò ó títí. Wọ́n ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé ọ̀rẹ́ lo wá fẹ́ bá mi kà? Jókòó, mu fùrá." Ó jókòó, ó mu fùrá, ó ń wò wá, ó ń kọ ọ́. Nígbà tó yá, Jósẹ́fù wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ lọ ṣàlùwàlá, Alásárì ti tó. Àti ìwọ télọ̀ yìí, o máa ń pẹ́ jù." Aago tiẹ̀ kì í parọ́, òun ló máa ń pè wá sí ìrun. Kò ní bá wa lọ, á dúró ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò bèèrè o. Ó kọ ọ́ pé Jósẹ́fù ni lèmọ́mù wa. Nígbà tá a padà dé, ó ń pè é ní Àlùfáà. Jósẹ́fù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lèmọ́mù ni mo ń pè é títí di òní. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ń bi léèrè ní Amẹ́ríkà, ṣé wọ́n kọ tiwọn bó ṣe rí? Mi ò mọ̀.

Òfin kan ló wà ní májálísà. Ẹni tí kò bá jáde, a ó wá a délé. Oòrùn ń wọ̀, a ò rí ọ, ẹnìkan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ: "Lafiya? Ṣé kò sí nǹkan?" Kì í ṣe fóònù o. Fóònù wo?

Ìyá àgbà yín, Sàfúrátù, kú nígbà tí ìyá yín ò tíì já lẹ́nu ọmú. A sin ín, àwọn èrò tú ká. Mo tilẹ̀kùn. Mi ò fẹ́ rójú èèyàn. Wọ́n kanlẹ̀kùn, mi ò dáhùn. Màṣíìnì mi ń gba eruku ní Kwangila... Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ gbì lójú agbàlá. Mo yọjú. Jósẹ́fù ni. Ó ru ìjókòó gígùn yẹn láti Kwangila wá, orí ló fi rù ú. Bàbá Ṣéù ń tẹ̀lé e, àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, "O ò jáde sí májálísà. Májálísà ti dé."

Wọ́n jókòó. Wọn ò sọ̀rọ̀ ikú sí mi, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá lójoojúmọ́, títí èmi fúnra mi fi bá Jósẹ́fù gbé ìjókòó náà padà. Mo sunkún lójú ọ̀nà. Ojú ò tì mí.

Ìlú ti yí báyìí. Ẹ lọ wo GRA, fẹ́ǹsì fẹ́ ga ju ilé lọ. Ní Sabon Gari níbí náà, ọmọ á jókòó ti bàbá rẹ̀, ojú á wà nínú fóònù. Ṣé Amẹ́ríkà nìkan wá ni? Ràsákì ò parọ́ fún mi, ọmọ dáadáa ni. Ó ní dókítà wà tó máa wo orúnkún mi, iná kì í lọ. Mo ní ta ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ? Ó ní ọkùnrin kan ni, ó ní ajá. Mo ní kí lorúkọ rẹ̀? Orúkọ ajá ló mọ̀.

Bàbá Ṣéù ti lọ. Àwọn yòókù ti lọ. Wọ́n gé igi yẹn nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà. Jósẹ́fù ló kù, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti dá a dùbúlẹ̀ sí Danmagaji. Apá kan ò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Sìdíkà ní tí wọ́n bá bi mí ńkọ́, ọ̀rẹ́ mélòó ni màá sọ? Mo ní kó má kà á. Ohun tó bá ti ku ẹyọ kan, kíkà rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.

Mi ò ní kí ẹ̀yin má lọ o. Ẹ lọ síbi tí oúnjẹ yín bá wà. Ṣùgbọ́n ibikíbi tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó máa mọ̀ pé ẹ ò jáde lónìí.

Tí Ràsákì bá pè, ẹ bá mi sọ fún un pé mo dúpẹ́, mi ò bínú sí i. Ẹ ní ìjókòó gígùn yẹn ti wà ní yàrá Jósẹ́fù, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ. Ibẹ̀ ni mò ń jókòó sí lọ́sàn-án. Tí Alásárì bá ti ń súnmọ́, Jósẹ́fù á fi apá tó kù na aago rẹ̀ sí mi, kí n dìde lọ kírun. Tí mo bá lọ sí Amẹ́ríkà, ta ló máa nà án sí?