Ẹ̀jẹ̀ Páńdà Tí Mo Sẹ́

Zhaohui ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn, kí o jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ikú ni mò ń bẹ̀rù, ojú tí o máa fi wò mí tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí tán ni. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Níjẹta, nígbà tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ páńdà ló wà lára mi, mo sọ fún ọ pé n kò mọ̀ rí. Mo mọ̀.

Rántí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Anqi ọmọ rẹ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n bí ẹranko páńdà yìí ló ní, kò sì sí lára rẹ, kò sí lára Peizhen ìyàwó rẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín: "Àbí ọmọ ọ̀hún he ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà ni?" Peizhen kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń sunkún. "Màámi, ẹ gbà mí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yìí lè sùn sára òbí méjèèjì, kó wá jí lára ọmọ. Ṣé kò sẹ́ni tó ní in nínú ìdílé yín?" Ìwọ náà ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Kò sí."

Kò sí kẹ̀! Èmi gan-an ni mo ní in. Nígbà tí mo bí àbúrò rẹ, tí ibà pọ́njú mú un, tó sì kú, agbẹ̀bí sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ló bá ti ọmọ jà." Mo gbé e mì, nítorí ìyá ọkọ mi ti búra pé òun á lé ẹni tó bá pa ọmọ-ọmọ òun jáde. Ìyá ọkọ mi ti kú tipẹ́ kí ẹ tó bi mí léèrè, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ṣì wà nínú mi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fi ẹ̀sùn àgbèrè kan Peizhen, tó fi gbé ọmọ rẹ lọ sí ìlú Tianshui. Mo sì jẹun yó lọ́jọ́ náà. Àgbàyà ni mí.

Lọ́sàn-án yìí, nígbà tí o lọ ra oúnjẹ nísàlẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó fún mi lẹ́jẹ̀ lánàá wá kí mi kó tó padà sílé. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ìyá àgbà, ẹ má fòyà. Àwa elẹ́jẹ̀ yìí ò pọ̀, ẹbí kan ni wá." Mo bi í lórúkọ. Ó ní, "Kou Anqi. Láti Tianshui ni mo ti wá. Màámi ló ní tí wọ́n bá pè mí, n ò gbọ́dọ̀ kọ̀." Kou, orúkọ ìdílé bàbá rẹ. Eyín iwájú tìrẹ, tó gun ara wọn, ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo tún dákẹ́, Zhaohui! Mo jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń kán sí mi lára báyìí. Bí o kò bá lè dárí jì mí, má dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ sí Tianshui kò tíì gbéra. Fi mí sílẹ̀ níbí, kí o sáré lọ bá ọmọ rẹ.