Kílèmiṣe Tó Hu Ewú

Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé mo gbin ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá arúgbó kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, àfi kí bàbá náà gun àkàbà kó tó lè di orí ọ̀pá rẹ̀ mú. Ẹyẹ mẹ́rin ti kọ́lé sórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń gba ayálégbé. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ní gbogbo ilé tí mo ti tọ́jú ọgbà láti ọgbọ̀n ọdún wá. Irọ́ ni. Mi ò gbin ọ̀pá kankan rí. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Irọ́ wúwo ju kẹ̀kẹ́ yẹ̀pẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tó máa bá ọ tì í. Yàrá ẹ̀yìn ilé àbúrò mi obìnrin ni mo jókòó sí báyìí, tí mo ń kọ ohun tí mo ti bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó wọ́, ẹ bá mi nà án. Òótọ́ inú rẹ̀ ni kò wọ́.

Ilé Màmá, ìyá àgbà kan tí mo ń bá tọ́jú ọgbà, ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bàbá, ló gbin ìtàkùn òdòdó kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná. Kilẹmátíìsì ni ìwé pè é. Ẹnu mi kò gbà á, mo ní Kílèmiṣe, Màmá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Kílèmiṣe ló ń jẹ́. Òdòdó rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, elésè àlùkò tó dúdú bí ẹni tó ń bínú. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ìtọ́jú rẹ̀. "Orí rẹ̀ nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òjìji," ó ní, ìdí nìyẹn tó fi gbé òkúta pẹlẹbẹ lé ìdí rẹ̀. Ó ní jíjìn ni wọ́n ń gbìn ín, pé bí orí bá tiẹ̀ kú, ẹsẹ̀ á rántí. Ó tún ní, "Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, torí wọ́n gbà pé ohun tí mo bá gbìn kì í kú, "orí ẹ̀ka àtijọ́ ni eléyìí ti ń tanná. Nígbà òtútù, á gbẹ bí okùn ìsáṣọ. Má dá a lóhùn, ó ń díbọ́n ni. Má fi irin kàn án." Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi àti adíbọ́n, a mọ ara wa."

Bàbá kú. Oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá dúró níwájú okùn gbígbẹ náà, ó ní, "Ṣé á tanná lọ́dún yìí báyìí? Òun nìkan ni mo tún lè máa wò bí ẹni ń wo Bàbá." Kí ni ìbá pa mí tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, kí n sì pa ẹnu dé? Mo ní á tanná débi pé oyin á tò sẹ́yìn ara wọn dé títì, a ó sì máa pín nọ́ńbà fún wọn. Ẹni tó bá ti ṣe irú ìlérí yẹn, kò lè káwọ́ gbera. Mo rò pé bí mo bá gé e, á rú sí i, ni mo bá mú àlùmọ́gàjí ńlá, mo gé adíbọ́n náà dé ọrùn ẹsẹ̀. Inú igi náà tutù, àwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀. Mo rí i, mo sì ń gé e lọ, èmi aláìgbọràn. Lẹ́yìn náà ni èèrà yọ ní ìdí rẹ̀, mo gbé kẹ́tù kúrò lórí iná Màmá, mo dà á sí wọn lórí. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Omi híhó lèmi dà, ẹsẹ̀ mi bó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohun tó kù fi di dúdú.

Mo sáré tọ obìnrin tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lọ. "Ìyá, ṣé elésè àlùkò lèyí?" Ó wò mí tẹsẹ̀ torí. "Ṣé mo jọ ẹni tójú ń dùn ni? Elésè àlùkò ni." Nígbà tí Màmá ń sùn lọ́sàn-án, mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta Bàbá. Nígbà tó tanná, ó funfun bí aṣọ ibùsùn tuntun. Màmá fọwọ́ kàn án. "Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, kí ló dé tó funfun?" Ẹnu mi sáré ju ọpọlọ mi lọ. "Màmá, ó hu ewú ni. Ọkọ yín ń dàgbà sí i níbi tó wà." Mo ń retí kó ju bàtà lù mí bó ṣe máa ń ṣe. Kò jù ú. Nígbà tí òdòdó rẹ̀ wọ́ dànù, èso rẹ̀ yọ òwú funfun rírọ̀. Gbogbo irú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá kàn máa ń gé e kó tó débẹ̀ ni. Màmá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á. "Irùngbọ̀n rẹ̀ nìyí," ó ní. Ó gbé àga síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń wà láràárọ̀.

Lọ́dún yìí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo fẹ́ tètè lọ sílé, Màmá pè mí síbi àga náà. "Ìwọ tí o ní ewéko máa ń bá ọ sọ̀rọ̀, kí ni Bàbá ń wí?" Mo ti gbé àpò kọ́ èjìká. Mo ní, "Ó ní ó ti rẹ òun láti máa dúró. Ó ní kí ẹ má pẹ́ mọ́." Àwàdà ni mo pè é. Màmá ní, "Mo ti gbọ́," mo sì bá tèmi lọ.

Kò pẹ́ sí i, mo ń tu koríko níbẹ̀, ni mo rí hóró oògùn kan nínú yẹ̀pẹ̀. Mo gbé òkúta Bàbá. Méjìlélógún ni wọ́n. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Màmá ń gbìn wọ́n sí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ dípò kó gbé wọn mì. Láàárín wọn ni ọ̀mùnú pupa kan ti yọrí jáde láti ara gbòǹgbò àtijọ́. Ẹsẹ̀ ti rántí. Mo gbé ọ̀bẹ lé e lọ́rùn, torí mo mọ ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ tó bá tanná. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo gbé òkúta náà padà, mo yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ọ̀mùnú náà lè rí ọ̀nà, mo sì bo oògùn mọ́lẹ̀. Ọmọ Màmá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá ní Sátidé bó ṣe máa ń wá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, ó ga o. Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" "Mo ń lò ó." Ó yíjú sí mi. "Bọ̀dá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń wà níbí. Ṣé lóòótọ́ ni?" Mo ní, "Màmá wa? Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà ni." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tó burú jù nìyẹn. Ti àlùmọ́gàjí àti ti kẹ́tù kéré sí i. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn Sátidé náà ni Màmá ṣubú ní ilé ìdáná. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì tíì lè gbé ife.

Nọ́ọ̀sì, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí. Màmá kò tíì jáwọ́. Mo rí i láná tó tu oògùn sínú aṣọ ìnujú nígbà tí o yíjú. Àbúrò mi ni yóò gbé ìwé yìí wá fún ọ, jọ̀ọ́, kà á sí i létí kó tó di àsìkò oògùn ìrọ̀lẹ́. Màmá, ewéko kankan kò bá mi sọ̀rọ̀ rí láyé mi. Bàbá kò ránṣẹ́. Kò pè yín. Èmi ni ó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ lọ sílé. Ẹ gbé oògùn náà mì. Bí ẹ bá lè dárí jì mí lẹ́yìn náà, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà gbé e mì.

Bí mo ṣe sá ló kù. Láàárọ̀ yìí, Kílèmiṣe Bàbá tanná. Ẹyọ kan ṣoṣo, nísàlẹ̀ pátápátá, elésè àlùkò. Màmá wà lórí àga, nọ́ọ̀sì dúró tì í, èmi gbé agolo ìbomirin lọ́wọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé òdòdó náà lágbọ̀n, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo irùngbọ̀n funfun tó wà lórí ògiri. "Bàbá rèé nílẹ̀," ó ní. "Ta wá ni eléwú yìí?" Mo tẹjú mọ́ agolo ọwọ́ mi. Ó ní, "Kílèmiṣe." Mo rò pé òdòdó ló ń pè, mo tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Rárá o. Ìwọ ni mò ń bi. Kí ni ìwọ ṣe?" Irọ́ méjì wá sí mi lẹ́nu, àwọn méjèèjì ló dáa. Mo gbé wọn mì. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ pọn omi wá." Nọ́ọ̀sì ní, "Agolo tó wà lọ́wọ́ yín kún dẹ́nu, Bọ̀dá." Bí mo ṣe fi eré sí i nìyẹn, mo gba ẹnu géètì jáde, bàtà mi ọ̀tún kù síbẹ̀, agolo wà lọ́wọ́ mi, omi ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé Màmá títí dé ibí. Bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, ipa omi yẹn ìbá mú wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn yìí. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnikẹ́ni kò lé mi.