Ẹkún Tí Mo Fi Irọ́ Gbà Lójú Sàfúrátù

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, n kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló lé mi dé iwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi.

Èmi ni mo ṣe fíìmù kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn mi. Mo ta mọ́tò mi, mo ta ilẹ̀ bàbá mi lé e. Èmi ni mo kọ ìtàn, èmi ni mo ń darí, èmi náà ni mo ń wá ohun tí àwọn òṣèré máa jẹ. Nígbà tó ku ìran kan ṣoṣo, rọ́ọ̀lù fíìmù tó kù nínú kámẹ́rà ò lè tó yà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìran ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú ni. Sàfúrátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà lọ́jà Akẹ̀sán, ló fẹ́ ṣe é. A dán an wò títí, omi ò jáde lójú rẹ̀. Ẹkún rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń lé ewúrẹ́ nídìí ẹ̀lùbọ́.

Oòrùn ń lọ, ojú ń kán mi. Mo ní kí oníkámẹ́rà múra sílẹ̀. Mo pe Sàfúrátù, mo ní, "Dẹ́rẹ́bà kan dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ẹ ti kú."

Ó ké. Ẹ̀yin tí ẹ rí fíìmù náà á rántí igbe yẹn. Lẹ́yìn náà, mo ní dẹ́rẹ́bà ọ̀hún ló ṣi iṣẹ́ jẹ́, pé ìyá ẹlòmíràn ló kú. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Gbogbo wa wá ń bú dẹ́rẹ́bà tí kò sí.

Fíìmù náà gbayì. Ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbọ̀ngàn ń kún, àwọn obìnrin ń fi gèlè nu ojú. Ká má purọ́, inú mi dùn, èmi tí wọ́n ti ń pè ní wèrè tó ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìran yẹn bá ti ń bọ̀, mo máa ń dìde lọ síta.

Lọ́dún tó kọjá, dẹ́rẹ́bà kan dé lóòótọ́. Mo wà ní ìsọ̀ Sàfúrátù nígbà tó jíṣẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú. Sàfúrátù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà yìí! Ẹ ti pa màámi lẹ́ẹ̀kan rí."

Ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí: mi ò sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kó lọ, ṣé kò ní bi mí léèrè ohun tó mú mi gba ti dẹ́rẹ́bà yìí gbọ́? Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í fi òkú pamọ́. Nígbà tí àwọn ẹbí tún ránṣẹ́ sí i, tó fi délé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Kò rí ojú rẹ̀.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni àdúrà ọdún kan ìyá náà. Sàfúrátù fúnra rẹ̀ ló wá bá mi.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé fíìmù yẹn wá, kí àwọn ẹbí wò ó lẹ́yìn àdúrà. Nígbà tí màámi kú, mi ò rí ẹkún sun. Èyí tó wà nínú fíìmù yẹn nìkan ni mo sun fún wọn."

Mo ti ṣèlérí pé mo ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un kí n tó tan ẹ̀rọ, àbí, bí ìran yẹn bá ti ń bọ̀, kí n tún dìde lọ síta?