Ọ̀pá Tó Sán

Ẹ dá orin dúró, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé ìdúpẹ́ ìgbéga mi ló kó wa jọ sí Barking ní Lọ́ńdọ̀n lónìí, ìrẹsì sì ti jinná. Ṣùgbọ́n ohun tí Wúrà sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ti gba ẹsẹ̀ ijó lára mi. Bí n kò bá sọ òtítọ́ báyìí, n kò ní sọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Onísáyẹ́ǹsì, ẹ ò mọ ohun tí mò ń wọkọ̀ ojú irin lọ ṣe láràárọ̀ Mọ́ńdè. Níbi tí wọ́n ti ń fi yuréníọ̀mù pèsè iná mànàmáná, inú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kó o sí. Iṣẹ́ tiwa ni láti yẹ ọ̀pá tó ti pẹ́ nínú ooru wò, bóyá irú rẹ̀ ṣì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni olórí àyẹ̀wò, wọ́n sì ti ṣèlérí ìgbéga fún mi bó bá yọrí sí rere. Èmi aláṣejù, kí èsì tó jáde ni mo ti wá gba ọjọ́ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Olùṣọ́-àgùntàn. Ìgbàgbọ́ ni mo pè é.

Ẹ wo Wúrà lẹ́yìn yẹn, ọmọ ìjọ wa láti Becontree. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́ náà. Òun ló ń darí ọwọ́ irin tó ń gbé ọ̀pá lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn. Lọ́jọ́ kan ó pè mí: "Daddy, ẹ wá wo eléyìí, there's a crack." Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ni, ṣùgbọ́n láti inú ló ti sán wá: ooru ló fọ́ ọ, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni mo rántí.

Ibi tó burú jù nìyí. Mo lọ bá Reuben, ọ̀gá wa, mo ní ọwọ́ irin Wúrà ló ha ọ̀pá náà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àyẹ̀wò. Ó ní, "You're sure?" Mo ní ó dá mi lójú. Àwọn ọ̀pá yòókù yege, wọ́n sì dá Wúrà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ẹkún ló ní, "Daddy, maybe ọwọ́ mi gbọ̀n. Ẹ má bínú." Ó ń bẹ̀ mí! Èmi náà sì ní mo dárí jì í. Ojú tì mí, mo kọ̀wé ẹ̀rí rere fún un kó lè ríṣẹ́ míì.

Òwúrọ̀ yìí ló kúnlẹ̀ kí mi: "Daddy, ìwé yín ṣiṣẹ́ o. I got the job. Power station ni, Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀." Ó dárúkọ ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ kó irú ọ̀pá wa sí lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá sán níbẹ̀, májèlé inú rẹ̀ á jò, àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò sì kọ́kọ́ kàn. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo dà á, ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ tọ̀ lọ.

Kí n tó wọlé, mo pe Reuben, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Don't tell anyone." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo yín. Lọ́la, màá sọ fún ìjọba.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìgbàgbọ́ bo irọ́ mọ́lẹ̀. Wúrà, jọ̀ọ́, foríjì mí. Ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n lọ́jọ́ náà.