Èmi Ni Mo Sún Súìṣì Ẹ̀rọ Sàlíhù

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníṣẹ́ irin ti Mushin, Alàájì Sùnmọ́nù alága wa, àti ìwọ Táòfíkì ọmọ mi tí o jókòó síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fetí sílẹ̀. Èmi Fàósátù, ìyàwó olóògbé Sàlíhù, tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Olórin, ni mo ní kí wọ́n kà á. Ẹ mọ̀ mí sí aláyọ̀. Irọ́ kọ́ ni ayọ̀ náà. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, orin ló máa ń jáde lẹ́nu mi kí n tó bọ́jú láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ orin náà tí mi ò lè gbé lọ sí sàréè. Christabel kọ́ ló ba ọwọ́ Táòfíkì jẹ́. Èmi ni.

Àwọn àgbà inú yín á rántí ẹ̀rọ ọkọ mi, ẹ̀rọ ńlá aláwọ̀ ewé tó ń gé irin, tó jẹ́ pé agbára ọ́ìlì ló ń ti tábìlì tó gbé irin lọ, tó tún ń tì í bọ̀. Àwọn ará Ládìpọ̀ tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ á gbé jíà tó ti ká léyín wá, Sàlíhù á gé tuntun tó jọ ọ́ bí ìbejì. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára ẹ̀rọ ní ìpẹ̀kun, níwájú òpó irin, níbi tí tábìlì kì í dé láéláé. Ó ní bí ọ́ìlì bá ṣe gbọ̀n dé ọwọ́ òun níbẹ̀ lòun fi ń mọ bí ọ̀bẹ ṣe ń jẹ irin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ Táòfíkì. Èmi ni mo ń bu ọ́ìlì, èmi ni mo ń gbá èérún irin. Pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì náà á máa kùn, èmi á máa kọrin tẹ̀lé e:

Ọ́ìlì gòkè, ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀,
Irin líle, wá gbọ́ràn,
Sàlíhù dé, ọ̀rẹ́ irin,
Ẹ̀rín ni ká fi ṣiṣẹ́ òní.

Nígbà tí Sàlíhù kú, pọ́ǹpù yẹn ò dákẹ́. Mo ń kọrin sí i bíi pé òun ló ń dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń jò, ilẹ̀ ń yọ̀, iṣẹ́ ò dọ́gba mọ́, àwọn oníbàárà sì ń gbé jíà wọn lọ síbòmíràn. Táòfíkì bá mú Christabel wá, ọmọ tíṣà kan ní Yaba, tó kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Ó ní òun máa yọ pọ́ǹpù àti gbogbo páìpù rẹ̀, òun máa fi mọ́tò iná kéékèèké rọ́pò wọn, kọ̀ǹpútà lá máa pàṣẹ fún wọn. Táòfíkì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹnjiníà, ṣé kọ̀ǹpútà ẹ máa mọ ìgbà tó yẹ ká lọ kírun?" Ọmọ náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Á mọ̀, bọ̀ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbàgbé." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi ìkà yìí náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó yọ pọ́ǹpù, tí ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, mo lanu láti kọrin, ohùn ò jáde. Mo lọ bá a. "Christabel, dá pọ́ǹpù ọkọ mi padà." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú ma. Kò sí bí mo ṣe lè dá a padà kó tún ṣiṣẹ́. Ẹ wá, Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín." Ó mú mi lọ́wọ́, ó fi súìṣì kékeré kan hàn mí nítòsí òpó irin. Ó ní bí tábìlì bá ti fara kan èyí báyìí, ẹ̀rọ á dúró, kò ní kọjá ibi tó ti ń dúró láyé Bàbá. Ó dè é le lójú mi. Nítorí kí ọkàn mi lè balẹ̀ ló ṣe kọ́ mi. Ẹ ẹ̀ rí ayé mi bí!

Ọjọ́ Jímọ̀ la fẹ́ ṣí ẹ̀rọ náà. Láàárọ̀, Christabel dán an wò, ó ṣiṣẹ́ geere. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin lọ kírun, òun náà sáré lọ ra wáyà. Ó wá ku èmi nìkan àti dàbínù tí a fẹ́ fi ṣe sàráà. Mo mú sípánà, mo tú nọ́ọ̀tì súìṣì yẹn, mo sún un sẹ́yìn, mo tún dè é. Èrò mi ni pé tábìlì á lọ kọlu òpó, á dún gbàmù, ojú á ti ọmọ náà, wọ́n á sì gbé pọ́ǹpù mi padà. Mi ò rò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dé, a ṣe àdúà, gbogbo wa gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ, a ṣe àmín. Christabel ní, "Ó yá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò o!" ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn gbọ́wọ́ kúrò. Táòfíkì rìn lọ sí ìpẹ̀kun, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Christabel ò rí i. Èmi rí i. Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀, àyè wà láti ké. Mo lanu. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá ké, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo panu dé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kà á tún un kà: mo rí ọwọ́ ọmọ tí mo bí, mo sì panu dé. Kí n tó tún lanu, Táòfíkì ti ké.

Ìka mẹ́ta lọ. Alàájì, ẹ̀yin lẹ pe ìpàdé. Ẹ ní, "Ta ló de súìṣì yìí?" Christabel ní, "Èmi ni, sà. Ibi tí mo dè é sí kọ́ nìyí." Ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn pé, "Ṣé ó wá rìn lọ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. Ó yíjú sí mi. "Màmá, ìṣojú yín ni mo ti dè é. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo ní, "Ọ̀rọ̀ irin ò yé mi. Orin ni mo mọ̀." Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lé e, tí ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á sí ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo pàdé rẹ̀ lọ́jà Ọ̀yìngbò, ó ń ta àwo. Òun ló kọ́kọ́ rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ọwọ́ Bọ̀dá Táòfíkì ńkọ́?" Ó ní òun ò lè fọwọ́ kan sípánà mọ́, pé nígbàkígbà tóun bá rántí nọ́ọ̀tì yẹn, òun ò mọ̀ mọ́ bóyá òun dè é tàbí òun ò dè é. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un, láàárín èrò ọjà. Ó ní, "Àṣé mo dè é lóòótọ́." Ó sunkún, kò sì gbà kí n fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ti ṣe ibi, ẹ ké síta nígbà tí tábìlì ṣì ń bọ̀. Ìtìjú náà ò tó ohun tí ojú mi ti rí. Táòfíkì, o máa ń fi ọwọ́ yẹn bu oúnjẹ fún mi, o sì máa ń ní, "Mọ́mì, ẹ kọrin fún wa." Bí o kò bá lè wo ojú mi mọ́, mi ò ní bínú. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ìwọ àti Alàájì, kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ kọ́kọ́ lọ bá Christabel l'Ọ́yìngbò. Ẹ sọ fún un lójú gbogbo ọjà pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára.